Ta Ló Mú Bàbá Télọ̀ Sọ̀rọ̀?

"Tú u."

Ọmọbìnrin tó ń de bọ́tìnì ẹ̀wù bàbá arúgbó náà kò kọ́kọ́ mọ ibi tí ohùn náà ti jáde. Ó bojú wẹ̀yìn, ó rò pé ẹnìkan ló wọlé. Kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn aláìsàn yòókù ti wà ní yàrá ìjẹun, ibùsùn wọn ṣófo. Ìgbà tó tún kọjú sí bàbá náà ló rí i pé ètè rẹ̀ ń gbọ̀n, ó sì ń fi ọwọ́ ọ̀tún, èyí tí àìsàn kò mú, tọ́ka sí àyà ara rẹ̀.

"Tú u," bàbá náà tún wí. "O dè é... wọ́."

Lóòótọ́, ó dè é wọ́. Nínú ìkánjú, ó ti ki bọ́tìnì àkọ́kọ́ bọ ihò kejì, ẹ̀wù náà sì fì sápá kan bí ilé tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò dọ́gba. Ṣùgbọ́n ta ló ń ro ti ẹ̀wù? Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé bàbá yìí wá sí ilé ìtọ́jú àwọn tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù, kò tíì sọ ọ̀rọ̀ kan tó yé èèyàn. Bàbá Télọ̀ ni wọ́n ń pè é, torí aṣọ ló fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ rán kí àìsàn tó dá a dúró.

Ọmọbìnrin náà, Kíákíá ni wọ́n ń pè é. Kíláàsì àṣekágbá ló wà ní ilé ìwé girama. Bí wọ́n bá ti jáde, ilé ìtọ́jú ló ń gbà lọ tààrà, á wọ aṣọ iṣẹ́ aláwọ̀ eérú, á ṣe iṣẹ́ àbọ̀ ọjọ́: á bọ́ àwọn tí kò lè gbé ṣíbí, á pààrọ̀ aṣọ ibùsùn, á ti àga oníkẹ̀kẹ́ lọ sí àgbàlá kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí àwọn aláìsàn. Orúkọ rẹ̀ ń ro ó. Kí o tó ní kó lọ, ó ti ń bọ̀.

Ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan wà tí àwọn méjèèjì jọ gba iṣẹ́ náà. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní Pẹ̀lẹ́. Bí Pẹ̀lẹ́ bá fẹ́ gbé aláìsàn dìde, á ní ẹ pẹ̀lẹ́. Bó bá gbé e tán, á tún ní ẹ pẹ̀lẹ́. Àwọn nọ́ọ̀sì máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí ọmọ yìí bá fẹsẹ̀ kọ àga, àga ló máa kọ́kọ́ kí ní pẹ̀lẹ́ kó tó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Àgbà, obìnrin gíga kan tí kì í rẹ́rìn-ín lẹ́nu iṣẹ́, ń kọjá lọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí bàbá sọ̀rọ̀. Ó dúró gbọnin. Ó wọlé, ó béèrè ẹni tó sọ̀rọ̀, Kíákíá sì nawọ́ sí bàbá. Nọ́ọ̀sì Àgbà bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, ó bẹ bàbá pé kó tún un sọ. Bàbá Télọ̀ wò ó bí ìgbà tí aránṣọ bá ń wo oníbàárà tí kì í gbọ́ràn.

"Ẹ̀wù," ó ní.

Ojú Nọ́ọ̀sì Àgbà rọ̀. Ó yíjú sí Kíákíá. "Dókítà ti ń sọ pé bóyá la tún máa gbọ́ ohùn wọn. Kí lo ṣe fún wọn?"

Ìbéèrè náà ní ìdáhùn, ṣùgbọ́n ìdáhùn ọ̀hún kò sí nílé lọ́jọ́ yẹn. Ó ti gba àyè lọ tọ́jú ìyá rẹ̀ tí ara rẹ̀ kò yá. Pẹ̀lẹ́ ni ìdáhùn.

Ó ti pẹ́ tí Pẹ̀lẹ́ ti máa ń jókòó ti Bàbá Télọ̀ bí iṣẹ́ bá ti parí. Ó wá téèpù tí àwọn aránṣọ fi ń wọn ara, á fi wọn èjìká bàbá, á sì mọ̀ọ́mọ̀ pe nọ́ńbà tí kò tọ́. Á mú ẹ̀wù tí òun fúnra rẹ̀ fi ọwọ́ rán játijàti wá, á ní, "Bàbá, ṣé ẹ rí i pé ó dára?" Lákọ̀ọ́kọ́, bàbá kàn máa ń wò ó ni. Nígbà tó yá, ó ń mi orí. Nígbà tó tún yá, á já aṣọ náà gbà, á fi ìka tọ́ ibi tí ìránṣọ ti wọ́, ọ̀fun rẹ̀ á sì máa ṣe bí ọ̀fun ẹni tí egungun há sí. Pẹ̀lẹ́ sọ pé òun ò lè fi ẹ̀bẹ̀ mú bàbá sọ̀rọ̀, àmọ́ kò sí aránṣọ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ tó máa dákẹ́ títí láé bí wọ́n bá ń ba aṣọ jẹ́ lójú rẹ̀. Ẹ̀rín ni Kíákíá máa ń fi rín. Ó ní ògiri ni ọ̀rẹ́ òun ń bá tàkúrọ̀sọ, kó sì ṣọ́ra, torí Nọ́ọ̀sì Àgbà ti bá a wí rí pé ó ń fi àkókò ṣòfò.

Kíákíá la ẹnu láti dáhùn. Ó fẹ́ sọ pé, "Ó máa ń jókòó tì wọ́n." Ohun tó jáde ni, "Mo máa ń jókòó tì wọ́n."

Ọ̀rọ̀ kékeré ni "ó", ọ̀rọ̀ kékeré ni "mo". Ṣùgbọ́n bí "mo" àkọ́kọ́ ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ìyókù tẹ̀ lé e bí ìlẹ̀kẹ̀ tí okùn rẹ̀ já. Mo máa ń wọn èjìká wọn. Mo máa ń pe nọ́ńbà tí kò tọ́, kí inú lè bí wọn. Mo rò ó pé aránṣọ ò ní lè dákẹ́ títí láé. Nọ́ọ̀sì Àgbà gbọ́ ọ dé òpin, ó sì gbé ọwọ́ lé e léjìká. Láti ọjọ́ tí Kíákíá ti wà níbẹ̀, kò rí i kí obìnrin náà gbé ọwọ́ lé òṣìṣẹ́ kankan léjìká rí. Ọwọ́ náà gbóná. Ó dùn mọ́ ọn. Ó sọ nínú ara rẹ̀ pé tó bá di ọ̀la, òun á tún ọ̀rọ̀ náà ṣe.

Ọ̀la dé, ìyìn ló bá a. Dókítà pè é, ó ní kó wá ròyìn fún òun bó ṣe ṣe é. Àwọn nọ́ọ̀sì ń pè é ní ọlọ́wọ́ ire. Bí òṣùwọ̀n irọ́ bá ti kún tó báyìí, dídà á nù a máa ṣòro fún ẹni tó rù ú. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n fi lọ̀ ọ́ pé òun ni wọ́n yàn.

Yíyàn yìí kì í ṣe nǹkan kékeré. Lọ́dọọdún, ilé ìtọ́jú náà máa ń mú ẹyọ ẹnìkan nínú àwọn òṣìṣẹ́ àbọ̀ ọjọ́, wọ́n á fi í sí ẹ̀kọ́ olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, bó ṣe ń kẹ́kọ̀ọ́ náà ni á máa ṣiṣẹ́. Tó bá yege, tó sì jáde girama, ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì gan-an ló kù. Ẹni tí wọ́n bá yàn á bọ́ aṣọ eérú, á wọ búlúù. Kíákíá àti Pẹ̀lẹ́ ti jọ máa ń sọ ọ́ lọ́nà ilé, pé ẹnikẹ́ni tó bá kàn nínú àwọn, ìkejì ò gbọdọ̀ jowú.

Pẹ̀lẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí ara ìyá rẹ̀ balẹ̀. Inú yàrá tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ ló ti bá Kíákíá.

"Mo gbọ́ lẹ́nu ọ̀nà pé Bàbá ti sọ̀rọ̀," ó ní. "Ṣé lóòótọ́ ni?"

"Lóòótọ́ ni."

"Kí ni wọ́n sọ?"

"Wọ́n ní kí n tú bọ́tìnì. Mo dè é wọ́."

Pẹ̀lẹ́ pàtẹ́wọ́, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní òun mọ̀, òun ti mọ̀ pé aṣọ ló máa ṣe é. Lẹ́yìn náà ló wá béèrè wọ́ọ́rọ́wọ́ pé, "Ṣé o sọ fún wọn nípa téèpù yẹn?"

Kíákíá bẹ̀rẹ̀, ó ń so okùn bàtà tó ti so tẹ́lẹ̀. "Mo sọ fún wọn."

"Kí ni wọ́n wí?"

"Inú wọn dùn."

Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò pẹ́ sígbà náà tí wọ́n pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ. Nọ́ọ̀sì Àgbà dúró níwájú, ó ka oore Kíákíá sétí gbogbo wọn, téèpù, nọ́ńbà tí kò tọ́, ẹ̀wù játijàti, kò yọ ọ̀kan sílẹ̀. Ó wá ní láti ìsinsìnyí lọ, Kíákíá nìkan ni yóò máa tọ́jú Bàbá Télọ̀, kí ẹlòmíràn má baà da iṣẹ́ rẹ̀ rú. Ní ti Pẹ̀lẹ́, ó ní kó lọ sí ibi ìfọṣọ, bóyá á kọ́ bí wọ́n ṣe ń parí iṣẹ́ lásìkò níbẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni Pẹ̀lẹ́ wo Kíákíá. Kíákíá yára gbé ojú sílẹ̀. Ó ń retí kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ pariwo, kó pè é lólè lójú gbogbo ayé, kí ọ̀rọ̀ náà lè tán. Pẹ̀lẹ́ yíjú padà. Ó lọ gbé téèpù rẹ̀ sórí tábìlì ẹ̀gbẹ́ ibùsùn Bàbá Télọ̀, ó kí bàbá pé ó dàbọ̀, ó sì gba ìsàlẹ̀ lọ síbi tí ẹ̀rọ ìfọṣọ ti ń kùn.

Nílé, ayọ̀ ti gba ibẹ̀ kan. Onídìrí ni ìyá Kíákíá. Kò sí orí tó bọ́ sí i lọ́wọ́ tí kì í gbọ́ ìtàn náà, ìtàn ọ̀hún sì ń sanra sí i lójoojúmọ́. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, Bàbá Télọ̀ ti di odi látinú ìyá rẹ̀ wá, Kíákíá sì ti mú un sọ̀rọ̀ débi tó fi ń ka ìwé ìròyìn. Àwọn oníbàárà á ní kí ọmọ náà wá, kí àwọn rí ọwọ́ tó ṣe iṣẹ́ ńlá. Kíákíá á jáde, á kúnlẹ̀ kí wọn, á rẹ́rìn-ín. Gbogbo aláǹgbá ló d'anú délẹ̀, ẹnìkan ò mọ èyí tí inú ń run.

Bàbá rẹ̀ ní tirẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ilé kíkùn ni iṣẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, Kíákíá ti ilé ìtọ́jú dé, ó rí i pé bàbá òun ti kun ilẹ̀kùn yàrá òun ní búlúù, àwọ̀ aṣọ iṣẹ́ tuntun náà gẹ́lẹ́. Bàbá dúró tì í, ọ̀dà ṣì wà ní èékánná rẹ̀. Ó ní kí ọmọ òun lè máa rí i láràárọ̀ pé òun ti gòkè. Kíákíá dúpẹ́. Nígbà tó wọlé tó ti ilẹ̀kùn, òórùn ọ̀dà náà kò jẹ́ kó lè mí dáadáa, tàbí ohun mìíràn ni kò jẹ́ kó lè mí.

Ohun tó tún dá kún un ni pé iṣẹ́ náà dùn mọ́ ọn. Wọ́n kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wọn ìfúnpá, bí wọ́n ṣe ń yí aláìsàn lórí ibùsùn kí ara rẹ̀ má baà yọ egbò, bí wọ́n ṣe ń kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ yá, orí rẹ̀ sì pé. Bó bá ṣe pé ọ̀nà tó tọ́ ló gbà débẹ̀, kò sí ẹni tí ì bá ní kò yẹ. Nígbà mìíràn, á gbàgbé fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Nígbà náà ni yóò wá pàdé Pẹ̀lẹ́ lọ́nà ọ̀dẹ̀dẹ̀, pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ aṣọ ibùsùn tó rin gbingbin, ọwọ́ rẹ̀ hunjọ nítorí ọṣẹ. Pẹ̀lẹ́ á yà fún un kó kọjá.

Bàbá Télọ̀ kò sì sọ̀rọ̀ mọ́.

Kíákíá gbìyànjú. Ó mú téèpù, ó wọn èjìká bàbá, ó pe nọ́ńbà tí kò tọ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ wà lára aago, torí aláìsàn mìíràn ń dúró dè é. Bàbá wò ó, ó wo ẹnu ọ̀nà, ó sì kọjú sí ògiri. Kíákíá tún ṣe é lọ́jọ́ kejì, ó ṣe é títí ó fi sú òun gan-an. Ó rí i pé nígbàkigbà tí ẹsẹ̀ bá dún ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, bàbá á gbé orí sókè díẹ̀. Ó ń retí ẹnìkan. Kíákíá mọ ẹni tó ń retí.

Nígbà tó yá, ọmọbìnrin Bàbá Télọ̀ dé láti ìlú òkèèrè tó ń gbé. Wọ́n ti kọ̀wé sí i pé bàbá rẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀. Ó kó aṣọ iyì wọ̀ bí ẹni tó ń lọ síbi ayẹyẹ. Ó kúnlẹ̀ níwájú àga bàbá rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní kó pe òun bó ṣe máa ń pe òun nígbà tí òun wà ní kékeré. Bàbá wo ojú rẹ̀, omi ń bọ́ lójú òun náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò jáde. Obìnrin náà dúró tì í títí. Nígbà tó dìde, ó wá bá Kíákíá tó fara ti ògiri.

"Ìwọ ni wọ́n ní o jókòó ti bàbá mi," ó ní. "Bí wọn ò tiẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́, Ọlọ́run á jókòó tì ọ́ lọ́jọ́ ìṣòro rẹ."

Ì bá rọrùn fún Kíákíá ju èyí lọ ká ní ó gbá a létí.

Dókítà pe ọmọ bàbá náà jókòó, ó ní bóyá ìgbẹ̀yìn ohùn ni èyí tí wọ́n gbọ́ lọ́jọ́ náà, bí fìtílà ṣe máa ń mọ́lẹ̀ kó tó kú. Ó ní bí nǹkan ò bá yàtọ̀, kí obìnrin náà máa múra láti gbé bàbá lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀, kí wọ́n lè fi ibùsùn rẹ̀ gba ẹlòmíràn tí ìrètí wà fún. Obìnrin náà ní ibi tí òun ń gbé, àtàárọ̀ dalẹ́ ni òun fi ń wà lẹ́nu iṣẹ́. Bàbá òun nìkan ni yóò máa wà láàárín ògiri mẹ́rin. Kíákíá wà níbẹ̀, ó ń da omi sínú ife fún wọn. Omi náà kún, ó ń ṣàn sórí tábìlì, kò mọ̀.

Ibi ìfọṣọ ló gbà lọ láti ibẹ̀. Ó bá Pẹ̀lẹ́ níbi tó ti ń ká aṣọ. Kò tíì tọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá síbẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ yára bó ṣe máa ń ṣe. Ó ní wọ́n fẹ́ gbé Bàbá lọ. Ó ní kí Pẹ̀lẹ́ jọ̀ọ́, kó máa yọ́ wá bí iṣẹ́ bá parí, kó máa jókòó ti bàbá fún ìgbà díẹ̀, òun á máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀.

Pẹ̀lẹ́ ká aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán kó tó dáhùn.

"Ibi tí mo ti ń wọlé gbangba, ibẹ̀ lo ní kí n máa yọ́ wọ̀?"

Kíákíá mú aṣọ kan nínú apẹ̀rẹ̀, ó tún jù ú padà.

"Nọ́ọ̀sì Àgbà ti ní bí wọ́n bá rí mi ní wọ́ọ̀dù, kí n má padà wá mọ́. Oògùn ìyá mi wà lọ́rùn iṣẹ́ yìí. Mo fẹ́ràn Bàbá, o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ o fẹ́ kí n fi iṣẹ́ mi bo irọ́ rẹ mọ́lẹ̀."

"Kí ló dé tí o kò sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn?" Ohùn Kíákíá ti rẹlẹ̀. "Ká ní o sọ̀rọ̀ ni."

"Ìwọ ni mo ń dúró dè," Pẹ̀lẹ́ wí. "Mo ní ẹnu ẹni la fi ń kọ mé jẹ. Mo ní bó pẹ́ bó yá, ìwọ fúnra rẹ á sọ ọ́. Ojoojúmọ́ ni mo ń dúró dè ọ́."

Ó gbé aṣọ mìíràn, ó tún ń ká a.

Kíákíá jókòó sórí àtẹ̀gùn tó jáde láti ibi ìfọṣọ. Ó ro ilẹ̀kùn búlúù, ó ro ìyá rẹ̀ láàárín àwọn oníbàárà. Ó rò ó pé bí òun bá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ sí i, wọ́n á gbé bàbá náà lọ, ọ̀rọ̀ náà á sì bá a lọ. Ohun tó bà á lẹ́rù jù nìyẹn, pé ó ṣeé ṣe. Kò sí ẹni tó máa mú un. Pẹ̀lẹ́ kò ní sọ ọ́; Bàbá Télọ̀ nìkan ló tún lè jẹ́rìí, òun sì ni kò lè sọ̀rọ̀. Nígbà tí èrò yìí wọ̀ ọ́ lọ́kàn tán, ojú ara rẹ̀ tì í débi pé ó dìde bí ẹni tí iná jó.

Ọ́fíìsì Nọ́ọ̀sì Àgbà ló lọ. Ọmọ Bàbá Télọ̀ wà níbẹ̀, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n máa fi gbé bàbá. Nọ́ọ̀sì Àgbà ní kó padà wá tó bá yá. Kíákíá ní bí òun bá padà lọ, òun ò ní lè wá mọ́. Ó kúnlẹ̀. Ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, kò kánjú, bóyá ìgbà àkọ́kọ́ tí kò ní kánjú nìyẹn láyé rẹ̀. Ó ní kì í ṣe òun ló mú Bàbá sọ̀rọ̀. Ó ní ẹ̀rín ni òun máa ń fi ẹni tó ṣe é rín. Ó ní bọ́tìnì tí òun dè wọ́ nìkan ni tòun nínú gbogbo rẹ̀.

Ọmọ Bàbá Télọ̀ gbé ọwọ́ bo ẹnu. Nọ́ọ̀sì Àgbà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, kò tún un fi sójú.

"Mo gbé ọmọ náà lọ síbi ìfọṣọ," ó wí bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "N kò tilẹ̀ bi í léèrè nǹkan kan." Lẹ́yìn náà ló wá wo Kíákíá. "Ṣé o mọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù nínú ọ̀rọ̀ rẹ? Iṣẹ́ tí a ń ṣe yìí, kò sí ẹni tó ń dúró lẹ́yìn wa. Bí nọ́ọ̀sì bá ní òun ti fún aláìsàn lóògùn, a gbà pé ó ti fún un ni. Ẹni tó lè sọ pé òun ṣe ohun tí kò ṣe kí wọ́n lè yìn ín, kí ni yóò sọ lọ́jọ́ tó bá gbàgbé oògùn?"

"N kò mọ̀, mà," Kíákíá dáhùn.

"Èmi náà kò mọ̀. Ìdí nìyẹn tí wàá fi bọ́ aṣọ yẹn."

Kò bú u, kò sì lé e. Ó ní iṣẹ́ ìfọṣọ ṣì ń wá ọwọ́, bí ó bá fẹ́. Wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ẹ̀kọ́ náà. Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n lọ mú Pẹ̀lẹ́ gòkè wá. Nọ́ọ̀sì Àgbà fúnra rẹ̀ ló lọ pè é, ó sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ lójú gbogbo àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ.

Bí Bàbá Télọ̀ ṣe rí Pẹ̀lẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè. Ọ̀rọ̀ kò jáde lọ́jọ́ náà, kò jáde lọ́jọ́ kejì. Nǹkan tí wọ́n fi sílẹ̀ pẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í padà kánmọ́kánmọ́. Dókítà fún wọn ní àyè díẹ̀ sí i, ọmọ bàbá náà sì ń wá jókòó tì wọ́n. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, obìnrin náà dìde láti lọ bu omi. Bàbá Télọ̀ nawọ́ di aṣọ rẹ̀ mú.

"Etí aṣọ rẹ," ó ní, "ti tú."

Obìnrin náà wo ìsàlẹ̀. Òótọ́ ni, etí aṣọ náà ti tú. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Bàbá rí ọ̀rọ̀ díẹ̀ sọ lẹ́yìn náà, kò pọ̀. Dókítà ní ó ṣeé ṣe kí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ ká ní wọn kò dá iṣẹ́ náà dúró láàárín. Kíákíá gbọ́ gbólóhùn yẹn níbi tó ti ń kó aṣọ ibùsùn tó dọ̀tí. Kò gbàgbé rẹ̀ mọ́.

Ó sọ fún àwọn òbí rẹ̀ nílé. Bàbá rẹ̀ jáde lọ jókòó níta títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìyá rẹ̀ ló sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹnu tí mo fi ròyìn rẹ fún wọn, òun náà ni màá fi tún un sọ. Ṣùgbọ́n ìwọ lo máa jókòó tì mí nígbà tí mo bá ń sọ ọ́." Kíákíá sì jókòó tì í. Àwọn kan ṣe háà. Àwọn kan ní ọmọ náà gbìyànjú tó fi jẹ́wọ́. Èyí tó dun Kíákíá jù ni ìyá àgbàlagbà kan tó kàn ń mi orí rẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dì.

Ó bẹ Pẹ̀lẹ́ náà. Pẹ̀lẹ́ ní òun ti dárí jì í, kò sì sí nínú òun mọ́. "Àmọ́ má tíì bi mí bóyá a ṣì ń ṣe ọ̀rẹ́," ó ní. "Jẹ́ kí n wò ó ná." Ilé ìwé kan náà ni wọ́n ń lọ, ibi iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń lọ, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí wọ́n tó tún jọ máa rìn lọ́nà ilé.

Àyè ẹ̀kọ́ ti ọdún yẹn ti kọjá kí wọ́n tó parí ètò láti fi Pẹ̀lẹ́ rọ́pò Kíákíá. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n fi Pẹ̀lẹ́ sí i. Nígbà tí Kíákíá ti jáde girama, tó sì ti pẹ́ nídìí ìfọṣọ, Nọ́ọ̀sì Àgbà ránṣẹ́ pè é. Ó ní wọ́n fẹ́ tún yan òṣìṣẹ́ àbọ̀ ọjọ́ mìíràn sínú ẹ̀kọ́ náà, kí òun náà wá dánwò pẹ̀lú àwọn yòókù.

Kíákíá dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò mọ ohun tí yóò fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe. "Ṣé ẹ ti gbà mí gbọ́ báyìí, mà?"

"Rárá," Nọ́ọ̀sì Àgbà dáhùn. "Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni."

Kò sí ọ̀dọ́ tí kì í wù láti gòkè nídìí iṣẹ́ rẹ̀, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ipò tí èèyàn bá fi iṣẹ́ ẹlòmíràn gùn, ẹ̀rù ni yóò máa fi jókòó lórí rẹ̀, ìyìn tí wọ́n bá sì ń yìn ín níbẹ̀ á máa ta á bí ẹ̀gún. Ọ̀rọ̀ kan péré lèèyàn fi ń jí iyì ọmọnìkejì rẹ̀. Kí onítọ̀hún yára dá a padà, kó tó di pé ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jìyà rẹ̀. Nítorí òtítọ́ tó bá pẹ́ kó tó jáde lẹ́nu, bó tilẹ̀ dé, kì í rí gbogbo ohun tó bàjẹ́ tún ṣe.